Ohun tó ń darí ìdájọ́ ìgbìmọ̀ júrì

Ní Amẹ́ríkà, ará ìlú 12 ló sábà máa ń pinnu bóyá ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn ńlá kàn jẹ̀bi. Ìgbìmọ̀ júrì ni à ń pè wọ́n. Ẹ̀rí nìkan ló yẹ kí wọ́n wò, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti dá dúró láàárín ọ̀pọ̀.

Ìwádìí tí Harry Kalven àti Hans Zeisel gbé jáde ní 1966 fi hàn pé, bí ẹnu kò bá kò ní ìbò àkọ́kọ́, ìhà tó pọ̀ jù ló ń borí nínú nǹkan bí ẹjọ́ 9 nínú 10.

Ní 2020, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ibẹ̀ pàṣẹ pé gbogbo júrì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó dá olùjẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Nítorí náà, bí ìtìjú bá mú ẹnì kan ṣoṣo dákẹ́, aláìṣẹ̀ lè wẹ̀wọ̀n.