Finbarr: Inagijẹ Tó Gbé Orúkọ Àbísọ Mì

Ọmọ St. Finbarr's College ní Akoka, l'Ékòó, ni mí. "Fínbà" là ń pe ilé-ìwé wa, àfi bí ẹni pé Ṣómólú ni wọ́n ti bí ẹni tó ni orúkọ náà. Àgbà ti dé sí mi kí n tó wádìí rẹ̀, ìtàn tí mo bá níbẹ̀ sì wọ̀ mí lára.

Wọn ò bí Finbarr ní Finbarr. Lóchán ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 550, nílẹ̀ Írẹ́lándì. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ ni Amergin baba rẹ̀, ẹrú sì ni ìyá rẹ̀. Inú bí ọba pé wọ́n fẹ́ ara wọn láìgbàṣẹ, ó ní kí wọ́n dáná sun tọkọtaya náà pẹ̀lú oyún nínú. Òjò ńlá ló paná ọ̀hún.

Ọmọ náà dàgbà díẹ̀, àwọn mọ́ńkì mú un lọ kọ́ ìwé. Níbi tí wọ́n ti ń gé irun rẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn ti ń yin irun náà pé ó mọ́lẹ̀, ó sì dára. Bí Lóchán ṣe di Fionnbharr nìyẹn: fionn ni funfun, barr ni téńté orí. Àṣà wọn ni kí inagijẹ gba ipò orúkọ àbísọ. Deimne ni wọ́n sọ Fionn mac Cumhaill, akọni inú àlọ́ wọn, irun funfun ló sọ òun náà di Fionn. Àwa náà mọ irú rẹ̀: mélòó nínú wa ló mọ̀ pé Òrìṣàráyíbí lorúkọ àbísọ Ògèdèǹgbé, jagunjagun Iléṣà? Nígbà tó yá, àwọn èèyàn gé Fionnbharr kúrú sí Barra, àwọn mìíràn sì ń jẹ́ Barry.

Adágún kan wà láàárín òkè ní gúúsù Írẹ́lándì tí wọ́n ń pè ní Gougane Barra. Ibẹ̀ ni odò Lee ti ṣẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ní Finbarr dá gbé níbẹ̀, ó ń gbàdúrà, kó tó tọ odò náà lọ sí irà tó ti kọ́ ilé àwọn mọ́ńkì. Corcaigh, ìyẹn ibi irà, ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Òun ló di ìlú Cork. Ìjọ Áńgílíkà ló ni kàtídírà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ lónìí, èyí tí William Burges ya àwòrán rẹ̀, Kátólíìkì náà ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba Finbarr lọ́wọ́ wọn. Ó dùn mọ́ mi nínú pé ìjà ìjọ ò lè pín in.

Ta ló wá gbé e dé Akoka? Fádà Denis Slattery ni, ọmọ Fermoy ní ẹkùn Cork, ọ̀kan lára àwọn fádà SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì. Ó dé Nàìjíríà ní 1941, ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald l'Ékòó, ó sì ń fun fèrè rẹfirí lórí pápá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní 1956, ẹni mímọ́ Patrick wà níbẹ̀ tó lè fi sọ ilé-ìwé náà, torí òun ni gbogbo Írẹ́lándì ń pè. Ẹni mímọ́ ìlú tirẹ̀ ló mú. Mo gbóríyìn fún un: ọmọ tó rántí ilé ni.

Bọ́ọ̀lù ló wá tan orúkọ náà kálẹ̀ níbí. Stephen Keshi, Henry Nwosu àti Samson Siasia, Fínbà ni gbogbo wọn ti jáde. Ẹlòmíràn l'Ékòó ò tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ ìrántí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Fínbà tí ẹ bá ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìtàn Lóchán ọmọ alágbẹ̀dẹ fún àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ náà.