Ilẹ̀ Àpáta, Ilẹ̀ Yanrìn: Ìtàn Omi Kànga láti Ìbàdàn dé Èkó

Omi abẹ́ ilẹ̀ Yorùbá kò rí bákan náà káàkiri. Láti Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àpáta líle ló tẹ́ sábẹ́ ìlú, àpáta kì í sì í mu omi. Inú erùpẹ̀ tí òkè àpáta jẹrà dà, àti inú ẹ̀là tó wà lára àpáta fúnra rẹ̀, ni omi ti ń rí ibi dúró sí. Ní gúúsù Abẹ́òkúta, ilẹ̀ yí padà. Òkúta ẹfun Ewékorò, tí wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960, jẹ́ ẹ̀rí pé òkun bo ibẹ̀ rí. Láti ibẹ̀ dé Èkó, yanrìn àti amọ̀ ló gun orí ara wọn ní ìpele-ìpele, yanrìn náà sì kún fún omi.

Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829, odò bíi Ògùnpa àti Kúdẹtì ni wọ́n ń pọn. Kànga wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ibi tí irin agbẹ́kànga bá ti kan àpáta ni iṣẹ́ parí. Ìdí nìyí tí kànga ilé kan fi lè lómi títí òjò yóò fi padà dé, tí ti aládùúgbò yóò sì ti gbẹ ní oṣù Èrèlè. Inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni agbẹ́kànga tó mọṣẹ́ ń gbẹ́lẹ̀, nígbà tí omi bá ti lọ sílẹ̀ tán, kí ìsàlẹ̀ kànga lè jìn ju ibi tí ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń fà á dé. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni, wọ́n sì ti ní in kí ẹ̀rọ ìwọ̀n kankan tó dé.

Àpáta yìí kan náà ni kò jẹ́ kí ìlú ńlá bí Ìbàdàn lè gbára lé kànga nìkan. Wọ́n sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé, wọ́n sì parí iṣẹ́ náà ní 1942. Ìsédò Aṣẹ́jíre tẹ̀lé e ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ìlú gbòòrò ju ibi tí páìpù dé lọ. Kànga pọ̀ sí i nínú agbo ilé, ṣáláńgá kò sì jìnnà sí wọn. Ìmọ̀ràn tí a mọ̀ káàkiri ni pé kí mítà 30 wà láàárín méjèèjì. Nínú yanrìn wẹ́wẹ́, ìwọ̀n yìí lè tó láti sẹ́ kòkòrò àìsàn kúrò. Nínú ẹ̀là àpáta kò sí asẹ́ kankan: omi ẹlẹ́gbin lè sáré gba ibẹ̀ kọjá, kó já sí kànga tó jìnnà, kó sì fo èyí tó wà nítòsí dá. Nítorí náà, kànga kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí fún àdúgbò lórí ilẹ̀ àpáta. Ọ̀pọ̀ kànga ni a gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò.

Ọ̀tọ̀ ni ìṣòro Èkó. Omi kò jìnnà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sà àti òkun yí erékùṣù Èkó ká, omi tó ṣe é mu sì ṣọ̀wọ́n tó fi di ọjà. Ní òpópónà Kákáwá, ìdílé João Esan da Rocha, tó ti oko ẹrú Brazil padà wá, ta omi kànga wọn fún aráàlú, ilé náà sì ń jẹ́ Ilé Omi títí dòní. Ní 1915 ni omi ẹ̀rọ láti Ìjù dé ìlú.

Ìdí tí kànga etíkun fi lè di oníyọ̀ nìyí: omi dídùn fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, ó sì ń léfòó lórí rẹ̀ bí epo pupa ṣe ń ṣe lórí omi. Ghyben, ará Netherlands, àti Herzberg, ará Jámánì, ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún: bí omi dídùn bá fi mítà 1 ga ju òkun lọ, nǹkan bíi mítà 40 ni yóò fi wọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹ̀rọ bá fa omi lọ sílẹ̀ ní mítà 1, omi iyọ̀ lè gòkè ní mítà 40. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ kànga ní Àpápá, Victoria Island àti Lẹ́kí nìyẹn. Ìwọ̀n iyọ̀ àti gíga omi ni olùṣọ́ kànga etíkun gbọ́dọ̀ mú ní pàtàkì.

Yanrìn tó ń sẹ́ kòkòrò kì í sẹ́ epo. Ní Bárùwà, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, epo tó jò láti ara páìpù abẹ́ ilẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 wọ inú kànga ilé púpọ̀, ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí amọ̀ tó nípọn bá wà lókè yanrìn, ó lè dá irú epo bẹ́ẹ̀ dúró. Ibi tí kò bá sí, kò sí ìdènà. Bákan náà ni omi dúdú tó ń jò lábẹ́ ààtàn ńlá bí Olúṣòsùn ní Èkó. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí kànga ìṣọ́, èyí tí a ń fi yẹ omi wò, wà lápá òkè tí omi ti ń bọ̀ àti lápá ìsàlẹ̀ tí ó ń ṣàn lọ, kí ìyàtọ̀ lè hàn.

Ní ti òfin, ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Italy wá sí ìlú Kókò ló mú kí ìjọba dá àjọ ààbò àyíká sílẹ̀ ní 1988. Òfin omi ti 1993 fi omi abẹ́ ilẹ̀ sábẹ́ àkóso ìjọba àpapọ̀, ìlànà omi mímu ti 2007 sì sọ pé náítréètì, èròjà tó lè ti ṣáláńgá wọ omi, kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Ìlànà yìí dára, ṣùgbọ́n bí omi mímu ṣe yẹ kó rí ló sọ. Kò sọ ohun tó wà láàárín ààtàn àti kànga. Ọ̀pọ̀ kànga dẹ̀rọ ni wọ́n ń gbẹ́ láìsí àkọsílẹ̀ ìpele ilẹ̀ tí irin là kọjá. Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga, kí ó ní kí agbẹ́kànga kọ jíjìn rẹ̀, irú ilẹ̀ tó bá pàdé, àti ibi tí omi dúró sí, kí ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì omi ìpínlẹ̀ rẹ̀.