Ọ̀rá omi tí a mu tán: bí ìṣe kékeré ṣe lè dín omíyalé kù nílùú Accra

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2015, òjò ńlá kan rọ̀ sí ìlú Accra, olú ìlú orílẹ̀-èdè Ghana. Àwọn èèyàn tó wà ní agbègbè Kwame Nkrumah Circle, níbi tí ọkọ̀ ti ń pín lọ sí gbogbo ẹkùn ìlú náà, sá wọ abẹ́ òrùlé ilé epo kan kí òjò má baà pa wọ́n. Omi kún títí tó fi gbé epo bẹntiróòlù dání. Epo náà léfòó lórí omi, iná sì ràn mọ́ ọn. Èèyàn tó lé ní 150 ló pàdánù ẹ̀mí wọn sínú omi àti iná náà.

Ààrẹ John Mahama kéde ọjọ́ mẹ́ta láti fi ṣọ̀fọ̀ wọn. Láti ìgbà náà wá, bí oṣù Kẹfà bá ti ń súnmọ́, ọ̀rọ̀ gọ́tà àti ìdọ̀tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ará Accra. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń fa omíyalé níbẹ̀. Àwọn kan ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà, apá tó pọ̀ nínú ìlú náà wà ní ilẹ̀ tó tẹ́jú lẹ́bàá òkun, yẹ̀pẹ̀ sì ti ga ní ìsàlẹ̀ odò Odaw. Ọrùn ìjọba ni àwọn wọ̀nyí wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rá àti ike tó ń dí gọ́tà, ọwọ́ aráàlú ni wọ́n ti ń jáde, ibẹ̀ ni a sì ti lè kọ́kọ́ dá wọn dúró.

Láti ẹnu dé inú òkun

Omi inú ọ̀rá, tí àwọn ará Ghana àti Nàìjíríà jọ ń pè ní píọ̀ wọ́tà, ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń mu ní Accra. Ìdajì lítà ni ọ̀rá kan. Ọgbọ̀n ọ̀rá ló wà nínú àpò kan ní Ghana, nígbà tó jẹ́ pé ogún ni ti Nàìjíríà. Bí ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún bá ń mu ọ̀rá mẹ́ta mẹ́ta lójúmọ́, ọ̀rá 15 ni wọn yóò sọ nù lọ́jọ́ kan, yóò sì di 450 lóṣù. Ìdílé kan péré nìyẹn. Ilé sì pọ̀ rẹpẹtẹ ní Accra New Town, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lagos Town nígbà kan nítorí àwọn ará Nàìjíríà tó tẹ̀dó síbẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bú àwọn tó ń mu ún. Omi ẹ̀rọ kì í yọ nígbà gbogbo ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, owó ọ̀rá kan kò sì ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Ibi tí ọ̀rá náà ń gbà lẹ́yìn tí omi inú rẹ̀ bá tán ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rá fúyẹ́. Atẹ́gùn lè gbé e, òjò sì lè wọ́ ọ lọ. Gọ́tà tí kò ní ìdérí pọ̀ ní Accra, bó ti pọ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó. Bí ọ̀rá kan bá há sẹ́nu gọ́tà, yẹ̀pẹ̀ á dì mọ́ ọn, ewé á tẹ̀lé e, igò ike á sì wá dí àlàfo tó kù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èyí tí kò bá há á dé inú odò Odaw tó gba ẹ̀gbẹ́ Circle kọjá. Odò náà á gbé e gba Agbogbloshie lọ sínú ọ̀sà Korle, ibẹ̀ ni yóò sì ti bọ́ sínú Òkun Atlantic.

Àwọn Ga, tó jẹ́ onílẹ̀ ní Accra, kò ka ọ̀sà yìí sí omi lásán. Òrìṣà ni Naa Korle lójú wọn, bí Ọ̀ṣun ti jẹ́ lójú àwọn ará Òṣogbo. Lónìí, omi rẹ̀ ti dúdú, ike ló sì bo etí rẹ̀.

Ní ọdún 2019, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá tó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ àkànṣe kan tí wọ́n ń pè ní GARID. Gbígbẹ́ ìsàlẹ̀ odò Odaw àti àmójútó ìdọ̀tí wà lára iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tó pọn dandan ni, àmọ́ bí ìdọ̀tí bá ń wọ odò lójoojúmọ́, gbígbẹ́ rẹ̀ kò ní tán láéláé, gbèsè rẹ̀ yóò sì wà lọ́rùn àwọn ará ìlú kan náà.

Ọ̀rá tó mọ́ lówó lórí

Irú ike kan ṣoṣo, ìyẹn polyethylene, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Èyí mú kó rọrùn láti yọ́ ọ kí wọ́n sì fi ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀, iyanrìn tàbí eérú bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, iye owó rẹ̀ á wálẹ̀, nítorí ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Àpò kan tí wọ́n so kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ti tó láti yanjú ìyẹn: kí wọ́n gbọn omi tó ṣẹ́kù nínú ọ̀rá dànù, kí wọ́n sọ ọ́ síbẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n má sì da ìdọ̀tí mìíràn mọ́ ọn.

Àwọn tó ń ra ọ̀rá àti ike ní kílò-kílò wà ní Accra. Owó tí wọ́n ń san kò pọ̀, ohun tí ilé kan kó jọ sì lè má tó owó ọkọ̀. Ìdí nìyí tó fi sàn kí gbogbo ayálégbé inú ọgbà kan, ilé ìjọsìn tàbí ilé ẹ̀kọ́ máa kó tiwọn jọ sójú kan.

Ibi tí ọ̀rá àti ike yìí ń lọ kò ṣàjèjì mọ́. Láti ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ Trashy Bags ní Accra ti ń rán ọ̀rá omi di báàgì. Nelson Boateng, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Nelplast sílẹ̀, ń po ike tó ti yọ́ mọ́ iyanrìn, ó sì ń fi ṣe òkúta tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ìṣirò àjọṣe tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ike ní Ghana fi hàn pé ike tí wọ́n ń kó fún àtúnlò kò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí wọ́n ń sọ nù.

Fún ìdọ̀tí tó kù, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní “borla taxi” ló ń wọ àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀. (Ẹni tó bá gbọ́ Hausa yóò dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀, ààtàn ni wọ́n ń pè ní bola.) Sísan owó wọn déédéé ṣe pàtàkì ju gbígbá ojúlé lọ. Ilé tí kò bá rẹ́ni kó ìdọ̀tí rẹ̀ ló sábà máa ń dà á sí gọ́tà lóru tàbí kó dáná sun ún lẹ́yìnkùlé, èéfín ike tó ń jó sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ti ọmọdé.

Ewé, abọ́ àti aṣọ

Waakye, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ tí ará Accra kò kọ̀. Ewé ni wọ́n fi ń dì í láti ìgbà pípẹ́, irú èyí tí Yorùbá fi ń dì mọ́ínmọ́ín, àwọn olóúnjẹ kan kò sì tíì fi ewé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá dúdú àti abọ́ fóòmù ti gba ibẹ̀. Ẹni tó bá gbé abọ́ tirẹ̀ wá láti ilé ti yẹra fún abọ́ fóòmù, ṣíbí ike àti ọ̀rá tí wọn ìbá fi gbé e fún un. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù. Àmọ́ oníbàárà kò nílò òfin kó tó mú abọ́ dání.

Aṣọ pẹ̀lú ń dí ojú omi. Kantamanto, ní àárín gbùngbùn Accra, wà lára àwọn ọjà òkìrìkà tó tóbi jùlọ lágbàáyé. “Obroni wawu” ni wọ́n ń pe aṣọ náà ní èdè Akan, ìyẹn aṣọ òyìnbó tó ti kú. Láì rí ohun tó wà nínú ìdì ni ọlọ́jà ń rà á. Èyí tó bá ti gbó kọjá títà á di ìdọ̀tí, a sì ń rí i ní etí òkun. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ará Accra nìkan. Ẹni tó wà ní London tàbí Houston, tó ń ju aṣọ tó ti ya sínú àpótí ìtọrẹ, náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ní Kantamanto fúnra rẹ̀, àwọn télọ̀ ń tún aṣọ rán, wọ́n sì ń pa á láró kó tó padà sórí àtẹ. Iná jó apá tó pọ̀ nínú ọjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà padà síbẹ̀.

Kí òjò tó dé

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2014 ni ìjọba Ghana bẹ̀rẹ̀ Ọjọ́ Ìmọ́tótó Orílẹ̀-èdè, tó yẹ kó máa wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ lóṣooṣù. Àwọn tó dàgbà ní Nàìjíríà mọ irú rẹ̀ láti ayé ìjọba ológun Muhammadu Buhari. Àléébù kan náà ló wà níbi méjèèjì: wọ́n á kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà jáde, wọ́n á wọ́ ọ jọ sí etí gọ́tà náà, òjò á sì dá a padà síbi tó ti wá. Ó yẹ kí kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé ẹrẹ̀ náà lọ ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà ni òjò ń pọ̀ jù ní Accra, ó sì máa ń tún rọ̀ díẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Oṣù Kẹta, nígbà tí ẹrẹ̀ ṣì gbẹ, ló rọrùn jù láti kó gọ́tà. Bí omi bá ti kún ojú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹsẹ̀ tàbí ọkọ̀ là á kọjá, kí wọ́n má sì sá sí ilé epo. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Ghana ni 112.