Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Oúnjẹ Ìgbín Ọ̀sìn Nílé: Èèpo Ẹyin Bẹ́ẹ̀ Ni, Iyọ̀ Rárá

Ọmọ Ìbàdàn tó bá ń sin ìgbín kò ṣe ohun àjèjì. Oríkì ìlú wa ò yọ ìgbín sílẹ̀. Ìtàn sì sọ pé nígbà tí Lágelú àtàwọn èèyàn rẹ̀ sá gun orí òkè, èso òrò àti ìgbín ni wọ́n jẹ yó, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Láyé ìsinsìnyí, mò ń rí àwọn ọ̀dọ́ ní Ìsàlẹ̀ Òsì níbí tí wọ́n ń sìn ín sínú báàfù, àpótí tàbí gíláàsì ẹja. Àwọn kan ń wá owó, àwọn kan kàn gbádùn kí wọ́n máa wò ó ni.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n máa fún un jẹ?" Ìdáhùn mi kò gùn: ilé rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́, kẹ́ ẹ tó bọ́ ikùn rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìkarahun?

Ìkarahun ìgbín kì í ṣe aṣọ tó wọ̀, ara rẹ̀ ni. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Bí ìgbín bá sì ń dàgbà, ìkarahun gbọ́dọ̀ bá a dàgbà. Calcium carbonate ló pọ̀ jù nínú ìkarahun yìí, ohun kan náà tó wà nínú èèpo ẹyin adìẹ. Tí ìgbín ò bá rí kálísíọ̀mù tó nínú oúnjẹ, etí ìkarahun rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á máa sán, òun fúnra rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìkarahun ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Lọ́dún 2011, wọ́n rí irú ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà kan, Achatina fulica, ní Miami, ní ìpínlẹ̀ Florida l'Amẹ́ríkà. Kò mọ sórí ewé àti èso nìkan, ògiri ilé tí wọ́n rẹ́ pàápàá ló ń ha jẹ nítorí kálísíọ̀mù. Ọdún 2021 ni ìjọba tó kéde pé àwọn ti ṣẹ́gun rẹ̀ níbẹ̀. Títí dòní, òfin Amẹ́ríkà ò gbà kéèyàn kàn máa sin ìgbín yìí nílé láìgbàṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní Britain, àwọn èèyàn ń sìn ín bí ẹni ń sin ológbò. Nítorí náà, tí ẹ̀gbọ́n yín tó wà l'Amẹ́ríkà bá ní kẹ́ ẹ fi ìgbín ránṣẹ́ sóun, ẹ má dá a lóhùn.

Ìyẹ̀fun èèpo ẹyin

Ẹ ò ní náwó sí èyí. Ẹ lọ bá àwọn tó ń din ẹyin mọ́ Indomie lẹ́bàá títì, bóyá ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba. Èèpo tí wọ́n fẹ́ dà nù ni tiyín.

1. Ẹ fi omi ṣan èèpo náà dáadáa.
2. Ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 10, kí kòkòrò àrùn lè kú.
3. Ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ.
4. Ẹ gún un lódó tàbí kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ kúnná bí èlùbọ́.
5. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ike gbígbẹ tó ní ìdérí.

Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí díẹ̀ nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó: ó máa hó. Kálísíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ ni ohun kíkan yẹn ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí ọsàn wẹ́wẹ́ kì í fi í ṣe oúnjẹ ìgbín.

Oúnjẹ gbígbẹ tí mò ń pò

- Àgbàdo lílọ̀: ife 2
- Sóyà tẹ́ ẹ ti yan, tẹ́ ẹ sì lọ̀: ife 1
- Ewé ìbẹ́pẹ tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tẹ́ ẹ sá gbẹ, tẹ́ ẹ sì rún: ife 1
- Ìyẹ̀fun èèpo ẹyin: ife 1

Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fún ìgbín ńlá mẹ́fà, ẹ bu ṣíbí ìjẹun 1, kẹ́ ẹ fi omi díẹ̀ pò ó kó rọ̀, kó má sì ṣàn. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó. Láwọn ọjọ́ yòókù, ẹ fún un ní ewé àti èso tútù: ewé ìbẹ́pẹ, ewé ọ̀dùnkún, ìbẹ́pẹ pípọ́n, kùkúńbà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí máńgòrò. Ẹ ṣan ẹ̀fọ́ ọjà dáadáa, torí oògùn apakòkòrò tí wọ́n bá fín sí i lóko lè pa ìgbín.

Alẹ́ ni ìgbín ń jẹun, nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀. Láàárọ̀, ẹ kó èyí tó ṣẹ́kù kúrò kó má baà bu, kí èèrà má sì yí i po. Ẹ fi omi sínú ìdérí ike tí kò jìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tó ń pa á

Iyọ̀ ni àkọ́kọ́. Iyọ̀ máa ń fa omi kúrò lára ìgbín. Á máa yọ ìfófòó, á sì kú. Àwọn tó ń bọ Ọbàtálá ti mọ èyí tipẹ́: ìgbín ni oúnjẹ òrìṣà náà, òrìṣà náà kì í sì í jẹ iyọ̀. Nítorí náà, ìyókù jọ̀lọ́ọ̀fù, búrẹ́dì, ṣin-ṣin, ẹ̀bà tí ọbẹ̀ ti kàn, ohunkóhun tó ní màgí tàbí ata, ẹ má fún un. Ìfẹ́ ni àwọn ọmọdé inú ilé máa fi fún un ní búrẹ́dì wọn, torí náà, ẹ tètè kìlọ̀ fún wọn. Ẹ yẹra fún ewé gbágùúdá náà, torí májèlé tó wà nínú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti inú omi ńkọ́?

Ìgbín inú gíláàsì ẹja náà nílò kálísíọ̀mù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá da ìyẹ̀fun sómi, ṣe ló máa fọ́n ká, omi á sì bàjẹ́. Oúnjẹ tó dì ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ bọ ẹ̀fọ́ ṣọkọ ẹ̀kúnwọ́ kan àti kárọ́ọ̀tì kékeré kan láìfi iyọ̀ sí i, kẹ́ ẹ lọ̀ wọ́n, kó tó bí ife 1. Ẹ fi ṣíbí tíì 1 ìyẹ̀fun èèpo ẹyin sí i. Ẹ wá yọ́ ṣíbí ìjẹun 1 gelatin tí kò ní ṣúgà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, nínú omi gbígbóná díẹ̀, kẹ́ ẹ rò ó pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé e sínú fíríìjì. Tó bá ti dì, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ṣúgà oníhóró. Tí ìgbín yín ò bá pọ̀, ẹ dín ìwọ̀n yìí kù, torí iná tí kì í dúró.

Ègé kan fún ìgbín kan ti tó. Tó bá di wákàtí mélòó kan tí kò jẹ ẹ́ tán, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ sì ka ara ike oògùn ẹja kẹ́ ẹ tó dà á sómi: bàbà, tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ ní copper, máa ń pa ìgbín.

Ọwọ́ yín ńkọ́?

Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ìgbín tàbí àpótí rẹ̀. Aràn kan wà tó ń ti inú ìgbẹ́ eku wọ inú ìgbín, tó sì lè ṣe ọpọlọ èèyàn ní jàǹbá. Ẹ máa bo àpótí náà kí eku má baà ráyè wọ̀ ọ́.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé oúnjẹ ń ṣiṣẹ́?

Ẹ wo ẹnu ìkarahun. Tí ẹ bá rí ìlà tuntun tó mọ́lẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ilé ń gbòòrò nìyẹn. Tí etí rẹ̀ bá ń fọ́ tàbí tó ń há funfun, ẹ fi kún ìyẹ̀fun èèpo ẹyin. Nígbà ọyẹ́, ìgbín lè fi awọ funfun dí ẹnu rẹ̀, kó má jẹun fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kò kú o, ṣe ló ń sùn. Ẹ má jù ú nù, ẹ má sì fi tipátipá ṣí i. Ẹ fín omi sínú àpótí, kẹ́ ẹ ní sùúrù; tí ara rẹ̀ bá ti tutù, á tún yọjú wá jẹun.