gé (nípa DNA àti RNA)

Ọ̀rọ̀-ìṣe agbàbọ̀.

Ìtumọ̀: Láti mú kí ìdè tí ó so ẹyọ kan mọ́ èkejì lára okùn DNA tàbí RNA já. Ẹ́ńsáìmù ni ó sábà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nuclease ni orúkọ àjùmọ̀jẹ́ irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀.

Àlàyé: Okùn DNA dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ṣúgà, fọ́sífeètì àti ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́rin: A, C, G tàbí T. Nínú RNA, U ni ó wà ní ipò T. Fọ́sífeètì ni ó so ṣúgà ẹyọ kan mọ́ ti èkejì, ibẹ̀ sì ni gígé ti ń wáyé.

Ẹ́ńsáìmù kò ní abẹ. EcoRI, tí ó wá láti ara bakitéríà Escherichia coli, omi ni ó fi ń gé DNA. Yóò wá ibi tí lẹ́tà mẹ́fà GAATTC wà; magnesium tí ó wà ní ojú iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì ran omi lọ́wọ́ láti kọlu fọ́sífeètì tí ó wà láàárín G àti A. Okùn méjèèjì ni ó ń gé, ṣùgbọ́n ojú ibi tí ó ti gé wọn kò ṣe déédéé. Nítorí náà, lẹ́tà mẹ́rin, AATT, ń yọ síta ní etí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè so mọ́ etí mìíràn tí EcoRI gé, ìbáà jẹ́ láti ara ẹ̀dá mìíràn. Werner Arber, Daniel Nathans àti Hamilton Smith gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1978 nítorí iṣẹ́ wọn lórí irú ẹ́ńsáìmù yìí.

RNase A ti màlúù ń gba ọ̀nà mìíràn. Ṣúgà RNA ní ọ́síjìn kan tí ṣúgà DNA kò ní. Ọ́síjìn yìí gan-an ni ẹ́ńsáìmù náà ń lò láti kọlu fọ́sífeètì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí RNase A kò fi lè gé DNA.

Ìlò

1. *Gé* àti *já*. Ẹ́ńsáìmù ni ó ń gé. Ìdè ni ó ń já.

2. *Gé* àti *là*. Bí a bá la igi, gígùn rẹ̀ ni a tẹ̀ lé. Bí a bá gé e, a dá a sí méjì ní ìbú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti DNA: kí okùn méjèèjì pínyà ni *là*, okùn kankan kò já.

3. *Gé* àti *jẹ*. Ẹ́ńsáìmù tí ń yọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ìpẹ̀kun okùn ń jẹ ẹ́. Èyí tí ó dá a láàárín ń gé e.

4. *Gé* àti *gé kúrò*. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Bírítéènì fọwọ́ sí ìtọ́jú Casgevy fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá. A ó gba sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn. Ẹ́ńsáìmù Cas9, tí RNA kan ń tọ́ sọ́nà, yóò gé jíìnì BCL11A ní ojú kan. Lẹ́yìn náà a ó dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sí ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni yóò so etí méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ kò ní rí bí ti tẹ́lẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ara yóò tún máa ṣe irú èròjà agbé-ọ́síjìn tí ọmọ inú oyún ń lò. Jíìnì tí ó fa àrùn náà kò kúrò. Ẹni tí ó gba ìtọ́jú yìí ṣì lè fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ó ṣì yẹ kí òun àti ẹni tí yóò fẹ́ mọ jẹ́nótáìpù ara wọn.

Àpẹẹrẹ

Ó tọ̀nà: *Cas9 gé jíìnì BCL11A ní ojú kan.*
Kò tọ̀nà: *Wọ́n ti gé àrùn náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.*

Tún wo: já, jẹ, là, ẹ́ńsáìmù.