Onílù Ibà Pọ́njú

Àwọn àgbà ní ìròmi tí ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ omi. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹdẹ, mo rò pé ẹ̀fọn kan ṣoṣo ni ó wà láyé: yànmùyánmú tí í kùn sí ni létí lóru. Ìtàn ibà pọ́njú ni ó là mí lójú.

Ní 1925, àwọn oníṣègùn àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà tẹ̀dó sí Yábàá ní Èkó láti wádìí ibà náà. Ní oṣù kẹfà 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Kpeve, ní ilẹ̀ Gánà òde òní. Ara Asibi yá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án, Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn náà, kó ibà náà, ó sì kú ní Èkó. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Max Theiler ṣe ní 1937 ti wá.

Ẹ̀fọn ilé, Aedes aegypti, tí ń yé ẹyin sínú àmù, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ibà náà ń mú àwọn ará oko pẹ̀lú. Nítorí náà ni Alexander Haddow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe wọ igbó Bwamba ní Ùgáńdà láàárín 1940 sí 1950. Wọ́n kan pákó mọ́ orí igi. Àwọn ọmọ Áfíríkà jókòó síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, wọ́n fi ara wọn ṣe ìjẹ, wọ́n sì ń mú ẹ̀fọn tí ó bà lé wọn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé ẹ̀fọn òkè igi yàtọ̀ sí ti ilẹ̀. Aedes africanus ń jẹ ọ̀bọ lókè ní ìrọ̀lẹ́. Bí ọ̀bọ bá wá jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ, Aedes simpsoni tí ń pamọ sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò jẹ ẹ́, yóò sì jẹ olóko.

A rí onílù wàyí: inú igbó ni ó wà. Abẹ́rẹ́ lè gba ènìyàn là, ṣùgbọ́n ta ni yóò gún igbó lábẹ́rẹ́? Ní 2017, ibà náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Kwara. Ní 2018, ó dé Edo. Ní Ẹdẹ wa níhìn-ín, ní Yunifásítì Redeemer's, ni wọ́n ti yẹ kòkòrò àrùn ti Edo wò fínnífínní.

Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀rọ kò lè bá wa jókòó sórí igi. A mọ orúkọ Theiler. Ta ni nínú wa mọ orúkọ ẹnì kan nínú àwọn tí ó fi ara ṣe ìjẹ?