MMP-1: Ẹ́ńsáìmù tó ń gé kọ́lájìnì

MMP-1 jẹ́ ẹ́ńsáìmù inú ara ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gé kọ́lájìnì, ìyẹn purotéènì bí okùn tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, tó ń mú kí awọ àti egungun lágbára.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́
Fọ́nrán mẹ́ta ló lọ́ pọ̀ di kọ́lájìnì, nítorí náà kò rọrùn láti gé. MMP-1 máa ń gé e sí méjì, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, kí àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn tó wá tú u ká. Láìsí síǹkì, kò lè gé e. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá kọ́kọ́ ṣe é, nǹkan kan bo ẹnu rẹ̀. Ìgbà tí ìbòrí náà bá kúrò ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rí i
Lọ́dún 1962, Jerome Gross àti Charles Lapière rí irú ẹ́ńsáìmù yìí nínú ìrù ọmọ àkèré, ní Amẹ́ríkà. Bí ọmọ àkèré bá ń dàgbà, ìrù rẹ̀ á pòórá, ẹ́ńsáìmù yìí sì wà lára ohun tó ń tú u palẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ti ènìyàn.

Ọgbẹ́ àti àpá
Bí ọgbẹ́ bá ń jinná, ara á máa hun kọ́lájìnì tuntun, á sì máa gé ti àtijọ́ kúrò. Bí híhun bá ju gígé lọ, àpá lè wú kọjá ojú ọgbẹ́. Èyí ni kíílọ́ìdì. Kì í ṣe MMP-1 nìkan ló ń fà á. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì lè wà nínú ẹbí. Yorùbá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: lọ́dún 1973, Dókítà P. Omo-Dare kọ àpilẹ̀kọ lórí ohun tí Yorùbá mọ̀ nípa kíílọ́ìdì. Àwọn àgbà náà máa ń sọ pé, ojú àpá kò lè jọ ojú ara.

Bí ẹ bá ń gbé ní Atlanta, tí ẹ fẹ́ lu etí tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òbí yín pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àpá máa ń wú nínú ẹbí wa?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó fọwọ́ kan yín. Kíílọ́ìdì tí wọ́n bá kàn gé kúrò sábà máa ń padà wá. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fi abẹ́rẹ́ tàbí ìtọ́jú mìíràn kún un.